Bí òfuurufú àti ojú ilẹ̀ ṣe ń tẹ ìgbì máíkírówéfù: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń gbé línkì ró ní Ìlọrin àti gúúsù Kwárà

Ẹni tó bá fẹ́ gbé línkì máíkírówéfù ró nílẹ̀ wa, ìyẹn ìsopọ̀ rédíò láàárín másìtì méjì tí dííṣì wọn kọjú síra, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ojú lásán kì í ṣe adájọ́ tó ṣeé gbára lé nínú iṣẹ́ yìí. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, eruku lè bo Ìlọrin débi pé ẹni tó wà ní Tankẹ̀ kò ní rí òkè Sóbì rárá, síbẹ̀ línkì tó gba orí ìlú kọjá yóò máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí eruku kankan. Nígbà tó bá di ìparí oṣù Ọ̀wàrà tàbí oṣù Bélú, ojú ọ̀run lè mọ́ roro ní ìdájí, kí ewé kankan má mì, kí ẹni tó wà lórí másìtì máa wo iná ìlú tó jìnnà réré, síbẹ̀ kí línkì náà máa já, kó máa so. Ìdí ni pé eruku ọyẹ́ kéré jọjọ sí gígùn ìgbì tí à ń lò, nítorí náà ìgbì ń la àárín rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí ooru àti ọ̀rinrin ṣe to lé ara wọn nínú afẹ́fẹ́, èyí tí ojú kò lè rí, ló ń tẹ ìgbì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Àwọn tó ń so ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ rédíò tàbí ẹ̀ka ilé ìfowópamọ́ pọ̀ láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù ni mo kọ èyí fún. Àpẹẹrẹ kan ni màá lò jálẹ̀: línkì 7 GHz (GHz ni òṣùwọ̀n fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn iye bílíọ̀nù ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tó gùn tó kìlómítà 40, èyí tó sún mọ́ ìjìnnà Ìlọrin sí Ọ̀fà bí a bá fa ìlà tààrà lójú òfuurufú. Iye gíga ilẹ̀ tí ẹ máa rí nínú àpẹẹrẹ náà, mo fi ṣe ìṣirò ni. Tiyín ni kí ẹ lọ wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ilẹ̀ náà

Ẹ fi GPS mú ibi tí másìtì méjèèjì yóò dúró sí. Ìdí másìtì gan-an ni mo wí, kì í ṣe ẹnu géètì, kì í sì í ṣe ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà láàárín méjèèjì lórí Google Earth, kí ó fi gíga ilẹ̀ hàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ nínú irinṣẹ́ ìṣirò línkì ló ń lo àwòrán gíga ilẹ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú Shuttle ti Amẹ́ríkà fi rédà yà láàárín ọjọ́ 11 nínú oṣù Èrèlé ọdún 2000. Àwòrán náà wúlò gan-an, àmọ́ ó ní àléébù méjì tó kàn wá. Iye gíga kan ṣoṣo ló ní fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 30 mítà níbùú lóròó, nítorí náà orí àpáta ṣóńṣó lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ilé àti igi tó ti yọ lẹ́yìn ọdún 2000 kò sí nínú rẹ̀, ẹ sì mọ bí Ìlọrin ṣe ti fẹ̀ tó láti ìgbà náà wá sí apá Gànmọ̀ àti Àmọ́yọ̀.

Láti Ìlọrin lọ sí gúúsù àti ìlà-oòrùn, ńṣe ni ilẹ̀ ń ga sí i. Ilẹ̀ àpáta ni gbogbo agbègbè náà, òkè sì lè ṣàdédé yọ láàárín pápá tó tẹ́jú. Ibòmíràn wà tí ilẹ̀ ti já wálẹ̀ lójijì, bíi ti Òwu níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta tó ga ju 100 mítà lọ. Ẹni tó bá gbé másìtì sórí irú òkè bẹ́ẹ̀ ti jèrè gíga lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé dííṣì tó ń rí ibi gbogbo, ibi gbogbo ló ń rí i padà: ariwo rédíò àwọn ẹlòmíràn àti ìgbì tó ta padà láti orí ilẹ̀ á máa wọlé tọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo àwòrán tán, ẹ lọ fi ẹsẹ̀ tàbí ọ̀kadà tọ ojú ọ̀nà náà, pàápàá ibi méjì tàbí mẹ́ta tí ìlà yín ti sún mọ́ ilẹ̀ jù. Igi ni kí ẹ máa wò. Àràbà àti ìrókò tó dá dúró kò nira láti rí. Oko tíìkì àti mẹ̀línà ni ìṣòro, nítorí pé wọ́n lè wà ní ìbàdí ènìyàn lọ́dún tí ẹ gbé línkì ró, kí wọ́n sì ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ ní ọdún díẹ̀ sí i. Ẹ kí olóko dáadáa, kí ẹ béèrè ohun tó gbìn àti ìgbà tó fẹ́ gé e. Mo máa ń fi mítà 5 kún gíga igi èyíkéyìí tó bá ṣì ń dàgbà, bí tíìkì bá sì ni, mo máa ń kà á sí igi tó ti dàgbà tán. Ewé tútù tún burú ju ewé gbígbẹ lọ, nítorí omi tó wà lára ewé ń fa ìgbì mu; ìdí nìyẹn tí línkì tó ń fara nù mọ́ orí igi fi máa ń dára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yóò sì máa sọ agbára nù bí òjò bá ti dé.

Bí oòrùn bá wà, tí eruku kò sì sí, ẹ lè mú jígí gun másìtì kan kí ẹ fi tan oòrùn sí ẹni tó wà lórí èkejì. Bí ó bá rí i, ìlà yín ṣí. Bí kò bá rí i, ẹ má tíì sọ pé ó dí, nítorí ìgbì rédíò máa ń tẹ̀ tọ ilẹ̀ ju bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lọ, ó sì lè dé ibi tí ojú kò dé. Ìṣirò ló máa yanjú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ìyọgọnbu ayé àti agbègbè Fresnel kún un

Ilé ayé rí roboto, nítorí náà àárín ọ̀nà gígùn máa ń yọ gọnbu sókè sí ìlà tó so dííṣì méjì pọ̀. Ìgbì náà kì í sì í rìn gbọọrọ. Afẹ́fẹ́ tó súnkì nísàlẹ̀ ju òkè lọ ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá tí a kì bọ inú omi ṣe ń dà bí èyí tó tẹ̀. Àwọn onímọ̀ kó ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ sínú nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní k. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà bó ṣe yẹ, k jẹ́ 4/3, èyí túmọ̀ sí pé a lè ṣe ìṣirò bí ẹni pé ayé tóbi ju bó ṣe wà lọ, tí ìyọgọnbu rẹ̀ sì kéré sí i.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ mú ibi tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ fi ìjìnnà rẹ̀ sí másìtì kìíní sọ ìjìnnà rẹ̀ sí másìtì kejì di púpọ̀, ní kìlómítà, kí ẹ wá fi 12.74 lọ́nà k pín in. Ohun tó bá jáde ni ìyọgọnbu ayé níbẹ̀ ní mítà. Ní àárín ọ̀nà 40 km, 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400; bí k bá jẹ́ 4/3, ìyọgọnbu jẹ́ mítà 23.5. Bí k bá já sí 2/3, yóò di mítà 47. Ilẹ̀ kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ òkè ti fi mítà mẹ́tàlélógún ga sí i lójú ìgbì.

Fresnel, onímọ̀ físíìsì ọmọ Faransé, ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìgbì kì í gba orí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Àyè kan wà yí ìlà náà ká, tó fẹ̀ láàárín tó sì rí ṣóńṣó létí méjèèjì, tó yẹ kó ṣófo; òun là ń pè ní agbègbè Fresnel kìíní. Láti mọ bó ṣe fẹ̀ tó láti orí ìlà, ẹ mú 400 yẹn padà, ẹ pín in pẹ̀lú iye GHz lọ́nà gígùn ọ̀nà, ẹ mú gbòǹgbò ìlọ́po-méjì rẹ̀, kí ẹ sì fi 17.3 sọ ọ́ di púpọ̀. Fún àpẹẹrẹ wa, ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 20.7, ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ 12.4. Bí ìlà bá kàn fara kan ṣóńṣó òkè lásán, ojú lè rí òdìkejì, ṣùgbọ́n ẹ ti pàdánù 6 dB (dB la fi ń wọn bí agbára ìgbì ṣe ń pọ̀ tàbí dínkù), ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí ẹ ní. Bí orí òkè náà bá rí roboto tó sì gùn, bíi ti ọ̀pọ̀ òkè ilẹ̀ Ìgbómìnà, àdánù náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èwo wá ni ká tẹ̀ lé? Àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, là á sílẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ rí i pé gbogbo agbègbè Fresnel kìíní ṣófo nígbà tí k bá wà ní 4/3. Lẹ́yìn náà, kí a tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú k tó kéré jù tó lè ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, nítorí pé wọ́n ń da òfin ilẹ̀ olótùútù kọ. Nílẹ̀ olótùútù, bí òkè kan ṣoṣo bá wà lójú ọ̀nà, ìlà lè fara kàn án nígbà tí k bá burú jù. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, bí ọ̀nà bá ti kọjá nǹkan bíi 30 km, ìdá ọgọ́ta agbègbè Fresnel gbọ́dọ̀ ṣì ṣófo ní àkókò tó burú jù náà.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Ká sọ pé ìdí másìtì Ìlọrin wà ní mítà 310 sí ojú òkun, ti Ọ̀fà wà ní 430, tí dííṣì wà ní mítà 45 lórí másìtì méjèèjì. Ìlà bẹ̀rẹ̀ láti 355, ó parí sí 475, àárín rẹ̀ sì jẹ́ 415. Bí ilẹ̀ àárín bá wà ní 360, tí igi ibẹ̀ ga ní 15, tí a fi 5 kún un fún ìdàgbà, ó di 380. Ẹ fi ìyọgọnbu 23.5 kún un, ó di 403.5. Mítà 11.5 péré ló ṣẹ́ kù, ohun tí a sì ń fẹ́ ju 20 lọ. Nígbà tí k bá já sí 2/3, orí igi náà di 427, ó sì ti ga ju ìlà lọ. Línkì náà dí pátápátá. Kí ó tó lè yè bọ́ lọ́jọ́ yẹn, dííṣì méjèèjì gbọ́dọ̀ gòkè dé nǹkan bíi mítà 70. Másìtì tó tó ní ọ̀sán lè kúrú ní òru.

Kí ẹ tó lọ ra irin, ẹ wo ọ̀nà kejì. Bí ẹ bá fi másìtì kan sí àárín, bí apá Ìdòfìàn, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan á di 20 km. Ìyọgọnbu nígbà tí k bá jẹ́ 2/3 yóò jẹ́ mítà 11.8, ìdá ọgọ́ta Fresnel yóò sì jẹ́ 8.8. Àpapọ̀ rẹ̀ kò tó 21, nígbà tí ti 40 km fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi máa bá 40 km jìjàkadì bí ibi tó dára bá wà láàárín, àfi bí owó epo àti owó ọdẹ tó máa ṣọ́ ibẹ̀ bá pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ afẹ́fẹ́ agbègbè yín ní ìgbà dé ìgbà

Nọ́ńbà kan wà tí a ń pè ní N, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe lè tẹ ìgbì tó. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: ẹ fi 77.6 sọ ìfúnpá afẹ́fẹ́ ní hPa di púpọ̀, ẹ fi ìwọ̀n ooru ní Kelvin (ìyẹn iye °C tí a fi 273 kún) pín in. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 373,000 sọ ìfúnpá ọ̀rinrin, òun náà ní hPa, di púpọ̀, ẹ fi ìwọ̀n ooru tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ pín in. Kí ẹ wá ro méjèèjì pọ̀. Bí ìfúnpá bá jẹ́ 975 hPa, tó súnmọ́ ohun tó yẹ kó wà ní gíga Ìlọrin, lọ́sàn-án ọyẹ́ tí ooru jẹ́ 30°C tí ọ̀rinrin kò sì ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, N jẹ́ nǹkan bí 284. Ní ọjọ́ òjò tí ooru jẹ́ 26°C, tí ọ̀rinrin jẹ́ ìdá 85, ó di 372. Ẹ wò ó dáadáa: apá tí ìfúnpá mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ọ̀rinrin ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye N lójú ilẹ̀ ló ń tẹ ìgbì. Bó ṣe ń dínkù bí a ṣe ń gòkè ni. Bí ó bá ń fi nǹkan bíi 39 dínkù ní kìlómítà kan, k jẹ́ 4/3. Bí ó bá ń fi 79 dínkù, k di 2, ìgbì ń tẹ̀ tọ ilẹ̀ dáadáa. Bí ó bá fi 157 dínkù, ìgbì á tẹ̀ bákan náà bí ilẹ̀ ayé ṣe tẹ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ti di ihò tóóró tó há ìgbì mọ́, tó lè gbé e lọ síbi tí a kò rán an, tàbí kó mú un kọjá lórí dííṣì tó ń dúró dè é. Tí ọ̀rọ̀ bá wá yí padà, tí N ń fi 79 pọ̀ sí i bí a ṣe ń gòkè, k já sí 2/3 tí a fi ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan, ìgbì sì ń tẹ̀ sókè kúrò lọ́dọ̀ ilẹ̀.

Ìgbà wo ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí wa? Kwárà wà ní ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ tútù láti òkun àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti Sàhárà ti ń bá ara wọn du àyè. Ní ìgbà tí òjò ń wọlé, bí oṣù Ẹrẹ̀nà àti Igbe, àti ìgbà tó ń kásẹ̀ nílẹ̀, bí oṣù Ọ̀wàrà àti Bélú, afẹ́fẹ́ olọ́rinrin lè wà nísàlẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ wà lórí rẹ̀. N á já wálẹ̀ kíákíá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí òru bá tún pa rọ́rọ́ tí kò sí ìkúùkù, ilẹ̀ á tutù kíákíá, afẹ́fẹ́ tó fara kàn án á tutù, èyí tó wà lókè á ṣì gbóná. Láti nǹkan bí agogo mẹ́ta òru títí oòrùn á fi là dáadáa ni ìgbà tó léwu jù. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pò pọ̀, gbogbo ìpele náà á sì túká.

Ohun tó ń mú ìgbì já ní irú ìdájí bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń gba ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ dé òdìkejì. Gígùn ìgbì 7 GHz jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4.3. Bí ìgbì kejì bá fi sẹ̀ǹtímítà 2.1 péré rìn jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, méjèèjì á dojú kọ ara wọn, wọn á sì pa ara wọn. Lójú ẹ̀rọ, ẹ máa rí i bí agbára ṣe ń rìn ní dBm (bí nọ́ńbà bá ṣe jìnnà sísàlẹ̀ òdo tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó dé ṣe kéré tó): −38 dBm, −41, −39, lójijì −58, −71, línkì já, kí ẹ tó pe ẹni tó ń ṣọ́ másìtì tán lórí fóònù, ó ti padà sí −40. Ewu yìí ń pọ̀ bí ọ̀nà ṣe ń gùn: bí ẹ bá sọ gígùn ọ̀nà di ìlọ́po méjì, ó ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ tí ìgbà tí yóò máa já yóò fi pọ̀ sí i. Ìdí mìíràn rèé tí mo fi fara mọ́ Ìdòfìàn láàárín.

Omi àti ilẹ̀ títẹ́jú ń dá kún un, nítorí wọ́n ń ta ìgbì padà bíi jígí. Ẹni tí línkì rẹ̀ bá gba orí adágún ìdídò Àsà kọjá gbọ́dọ̀ wá ibi tí ìgbì yóò ti fara kan omi. Bí másìtì méjèèjì bá ga dọ́gba sí ojú omi, àárín ọ̀nà ni. Bí ọ̀kan bá ga ní mítà 60, tí èkejì ga ní 20, ibẹ̀ á sún mọ́ èyí tó kúrú, ní ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀nà sí i. Nítorí náà, ẹ lè fi gíga dííṣì ti ibi ìtapadà náà kúrò lórí omi bọ́ sórí igbó tàbí ilẹ̀ págunpàgun, tí ìgbì á ti fọ́nká. Bí ọ̀nà bá gùn tí kò sì sí bí a ṣe lè pín in, dííṣì kejì lórí másìtì kan náà ni oògùn rẹ̀: ní 7 GHz, ẹ fi mítà 6 sí 9 pààlà sáàárín wọn, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ìgbì kú sí ibi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mú fíríkúẹ́ńsì tí òjò kò ní gbé mì

Òjò kò dí 7 GHz lọ́wọ́ púpọ̀. Òjò ńlá tó bá rọ̀ ní ìwọ̀n 100 mílímítà ní wákàtí kan, èyí tí ìjì òjò wa máa ń dé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á gba nǹkan bíi 1.5 dB ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò kan náà á gba bíi 6 dB lọ́wọ́ 15 GHz, á sì gba 11 lọ́wọ́ 23 GHz, bí ìgbì bá wà lóròó, ìyẹn bí ó bá ń mì láti òkè sísàlẹ̀. Bí ó bá wà ní ìbú, àdánù náà á pọ̀ sí i, torí pé ẹ̀kán òjò ńlá máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe ń já bọ́. Ẹ fi ìgbì sí òòró bí ẹ bá láǹfààní àtiyàn.

Òjò líle kì í sábà bo ọ̀nà gígùn tán. Bí a bá gbà pé ó bo 5 km nínú 10, 15 GHz á sọ 30 dB nù, 23 GHz á sọ 55 nù. Ti àkọ́kọ́ ṣeé gbà bí ẹ bá ní àṣẹ́kù tó pọ̀, ìyẹn agbára tó lé lórí èyí tí ẹ̀rọ tó ń gbà nílò. Ti èkejì kò ṣeé gbà rárá. Nítorí náà, ẹ fi 23 GHz sílẹ̀ fún àárín ìlú, bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ lo 7 tàbí 8 GHz fún ìlú sí ìlú. Ìjì òjò ńlá wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, tí yóò nà gbọọrọ láti àríwá sí gúúsù; línkì tó bá na àríwá sí gúúsù lè wà lábẹ́ rẹ̀ pátá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún ọ̀nà Ìlọrin sí Ọ̀fà.

Eruku ọyẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìdérí dííṣì kò ṣe nǹkan kan títí òjò àkọ́rọ̀ fi dé. Nígbà náà ni omi kò ní lè yọ́ kúrò lára rẹ̀ kíákíá mọ́, tí yóò sì tẹ́ sílẹ̀ bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gba dB díẹ̀ sí i. Ẹ nù ún kí oṣù Ẹrẹ̀nà tó parí.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò gùn: ọwọ́ NCC, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ni fíríkúẹ́ńsì bíi 7, 8, 15 àti 23 GHz wà, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú, NCAA, ló sì ń fọwọ́ sí gíga másìtì. Ìlọrin ní pápákọ̀ òfuurufú, nítorí náà ẹ má fi èyí ṣeré.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣírò agbára àti àṣẹ́kù

Kí ẹ tó mọ agbára tó máa dé, ẹ ṣírò àdánù ojú òfuurufú: 92.45, kí a fi 20 lọ́nà log GHz kún un, kí a tún fi 20 lọ́nà log kìlómítà kún un. Fún 7 GHz lórí 40 km, ó jẹ́ 141.4 dB. Bí ẹ̀rọ bá ń fi 27 dBm ránṣẹ́, tí dííṣì onímítà 1.8 kọ̀ọ̀kan mú bíi 39.8 dB wá, tí wáyà àti ìsopọ̀ wọn gba 3 dB, ohun tó máa dé jẹ́ bíi −38 dBm. Bí ẹ̀rọ tó ń gbà kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ nísàlẹ̀ −75, àṣẹ́kù yín jẹ́ 37 dB. Fún ọ̀nà tó gùn báyìí, èmi ò ní fẹ́ kó wá sísàlẹ̀ 35. Ẹni tó ń ṣèlérí fún oníbàárà pé línkì á ṣiṣẹ́ ní ìdá 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún kó mọ̀ pé ìṣẹ́jú 53 péré ló ní láti já láàárín ọdún kan gbáko. Ìdájí bíi mélòó kan nínú oṣù Bélú ti tó láti jẹ ẹ́ tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ da dííṣì kọjú síra wọn ní ọ̀sán

Ìtànṣán dííṣì 1.8 mítà ní 7 GHz kò fẹ̀ ju bíi ìdíwọ̀n (digirì) 1.7 lọ, ìtànṣán kéékèèké mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè tan ènìyàn jẹ. Bí agbára tí ẹ rí bá fi 20 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí ohun tí ẹ ṣírò, orí ìtànṣán ẹ̀gbẹ́ lẹ wà. Ẹ má dì í pa, ẹ yí i kọjá ibẹ̀ kí ẹ sì máa wá èyí tó ga jù lápá méjèèjì. Ẹ ṣe é láàárín agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti pò pọ̀. Ẹni tó bá da dííṣì ní ìdájí lè da á tọ ìgbì tó ti tẹ̀, kó wá rí i pé ó kéré lọ́sàn-án.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ máa ka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú aago

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọ agbára tó ń gbà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí aago rẹ̀ sì bá ti gbogbo ènìyàn mu. Ẹ kọ ojú ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ní ibùdó ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ìwé pélébé tí ọdẹ ibi másìtì ń kọ "òjò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin" sí wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bí ó bá ń já, tó ń so ní ìdájí, tí ojú ọ̀run mọ́, ọ̀nà púpọ̀ ni ìgbì ń gbà; ẹ má gun másìtì nítorí rẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó dúró sílẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì láì jó síhìn-ín sọ́hùn-ún, k ló ti kéré, òkè ló sì dí i. Gíga dííṣì ni kí ẹ tún yẹ̀ wò. Bí ó bá já pẹ̀lú òjò tó sì padà bó ti dá, ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é. Bí kò bá padà lẹ́yìn ìjì, atẹ́gùn ti yí dííṣì. Ohun tó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òjò, tó sì gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó padà: omi ti wọ orí wáyà. Ẹ tú rọ́bà dúdú tí wọ́n fi dì í. Ẹ máa rí i pé abẹ́ rẹ̀ tutù, idẹ inú rẹ̀ sì ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ẹ gé e, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ wé rọ́bà náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè kí omi má baà rí ẹnu wọlé.

Èyí tó ń fi 1 tàbí 2 dB dínkù lọ́dọọdún, tó máa ń burú sí i nígbà òjò, igi ni. Ẹ padà lọ bá olóko tí ẹ kí ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ bá a dúnàádúrà iye ẹ̀ka tó máa jẹ́ kí ẹ gé, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.